Àká Abẹ́ Àgbàdo

Ọdún tí wọ́n bí ìyá mi
ni Oreste, bàbá rẹ̀, bá àwọn ará Milano gbẹ́ kànga yìí.
Iná bú jáde, ó ga ju ilé agogo ìjọ lọ.
Àwọn màlúù kò fún wàrà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ogún ọdún ni wọ́n fi fà á,
wọ́n fi dáná, wọ́n fi yọ́ irin,
títí ilẹ̀ fi ku èémí díẹ̀.
Bàbá àgbà ní, "Ó ti tán. Ẹ dé e."
Ó ṣí fìlà fún un bí ẹni ń ṣí fìlà fún òkú.

Àgbá òfìfo ní í pariwo, wọ́n ń wí;
èyí tó wà lábẹ́ wa kò pariwo rí.
Kì í ṣe ihò gbàgede bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń yà á.
Yanrìn ni, yanrìn tó dì di òkúta,
amọ̀ líle sì bò ó lórí bí ọmọrí ìkòkò.
Ohun tó há gáàsì mọ́ fún àìmọye ọdún, kí a tó dé,
òun náà ló ṣì ń há a mọ́ fún wa.

Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń bọ́ ọ.
Ẹ̀rọ ń kùn, mo ń wo abẹ́rẹ́ aago ìfúnpá:
ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ogóje.
Gáàsì àjèjì, tí kò mọ orúkọ abúlé wa,
ń kó wọ ilé tí onílé ti kó kúrò.

Wọ́n ní sátẹ́láìtì rí i láti òkè:
nígbà ooru, oko wa a ga sókè
ní ìwọ̀n nínípọn owó ẹyọ mẹ́ta;
nígbà òtútù, a rọlẹ̀.
Ilẹ̀ ń mí.
Ìyá mi ò gbà. Ó gbé ife wàrà kún dẹ́ńdẹ́ sórí tábìlì,
ó ní kí ilẹ̀ tó ń mí dà á nù kí òun rí i.
Ológbò ló lá a.

Oṣù kìíní. Kùrukùru ti gbé ọ̀nà mì.
Aago mẹ́rin òru, fóònù dún: "Nives, ṣí i."
Mo ṣí fáàfù. Yìnyín hù lára páìpù bí ewú.
Ooru oṣù keje tí mo rì mọ́lẹ̀
ń sáré lọ síbi ìkòkò kọfí àwọn ẹni tí n ò mọ̀.

Apá kan wà tí a kì í fà láéláé.
Ó jókòó sísàlẹ̀, òun ló ń ti ìyókù jáde.
Bàbá àgbà wà ní ìtẹ́ òkú lẹ́yìn ìjọ, ó fẹ̀yìn lélẹ̀.
Kìlómítà kan àti àbọ̀ péré
ló kù kó dé ibẹ̀.