Káàdì Pupa ní Pápá Àpáké

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú ọyẹ́,
eruku pupa ń gun ìbọ̀sẹ̀ wa,
igi máńgòrò mẹ́ta ni àga òǹwòran,
àwọn ọmọdé kún ẹ̀ka bí ẹyẹ ẹ̀gà.
Àwa ọmọ Tákié là ń bá Masífá wàákò.
Nígbà tí rẹfirí yọ, ẹ̀rín pa wá:
ṣòkòtò dúdú, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún,
irun dídì mẹ́fà tí ó so mọ́ ẹ̀yìn ọrùn.
Oyèdíwúrà, ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n.
"Ìyàwó ta nìyí?"
Èmi ni mo sọ ọ́.
Mo sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lórí igi lè gbọ́.

Kò wò mí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀,
ó fọn fèrè, bọ́ọ̀lù gbéra.

Ó ku díẹ̀ ká sinmi, mo ta ọmọ Masífá ní ojúgun.
Rẹfirí kọ ẹ̀yìn sí wa; mo ní kò rí mi.
Mo gbàgbé pé ẹni tó ti ń rokà
tó ń fetí ṣọ́ ọmọ tó ń rá lẹ́yìnkùlé
kò nílò ojú kó tó mọ ibi tí igbe ti ta.

Káàdì náà pupa ju ata lọ.
Igi máńgòrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa lọ́lọ́.
Mo ní, "Lọ sílé, lọ dáná."
Ohùn rẹ̀ kò ga rárá:
"Mo ti dáná kí n tó wá.
Ìwọ ni ìta ń dúró dè."

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mi kí n tó délé.
Kò bá mi wí;
ó kàn dín òkèlè mi kù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún.
Orúnkún mi ń han bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo kùn.
Oyèdíwúrà ti di káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa,
fèrè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Lọ́jọ́ ìpàdé owó kànga,
tí bàbá mẹ́rin dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tí kóńtírátọ̀ ń làágùn,
ó fọn ún, fíìì!
Gbogbo wọn jókòó bí ọmọ iléèwé.
"Ẹnu kan lẹ́ẹ̀kan. Rìsíìtì dà?"

N kò ní purọ́ fún yín: kànga náà kò tíì lómi.
Òun náà kò purọ́. Ó dúró níwájú wa,
ó ní, "Wọ́n ti gbá èyí wọlé. Ó ku ìlàjì kejì."

Ìbídùn ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní pápá láàárọ̀,
òun àti àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá mìíràn.
Lánàá ó dé, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní àwọn mọ̀ yín."
Àyà mi já. "Kí ni wọ́n wí?"
"Wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n sá dáadáa.
Wọ́n ní ẹ ò kàn mọ ẹni tó ń wò yín ni."

Mo fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lálẹ́.
Omi inú báàfù pupa, mo sì mọ àwọ̀ náà.
Ní ìdájí òní mo ti jí, mo dáná
kí ó tó máa lọ.
Èéfín wọ̀ mí lójú.
Kò sẹ́ni tó lé mi jáde.