Mẹ́sàn-án Ni

Jíà kú sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń tibi iṣẹ́ òru bọ̀:
mo tẹná, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ,
bí ọmọ tó ń dáhùn “mò ń bọ̀” láti orí ibùsùn.

Ishpeming ni ìlú wa, níbi tí wọ́n ti ń wa irin nílẹ̀ látijọ́.
Yìnyín ń bọ́ láti oṣù kẹwàá,
ìjọba ń da iyọ̀ sójú títì bí ẹni ń se ọbẹ̀ fún òmìrán.
Iyọ̀ ọ̀hún kì í jẹ yìnyín nìkan.
Ó jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó jẹ ìdí mọ́tò,
ohun tí kò bá jẹ tán, á fi ìpẹtà lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Reino ra àlòkù jíà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Negaunee.
Owó mẹkáníìkì ju owó mọ́tò lọ, ó ní òun á ṣe é fúnra òun,
Sátidé kan péré.
Ọkùnrin àti Sátidé rẹ̀!

Ó tú páìpù èéfín. Ó tú wáyà, ó so bébà mọ́ wọn lọ́rùn.
Bóòtù ń bọ́ sínú agolo kọfí, kó, kó, kó,
inú mi ń dùn.
Ó wá ku kí jíà ya kúrò lára ẹ́ńjìnnì.
Jíà ní òun ò lọ.

Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ há a lẹ́nu, kò yà.
Ó da epo tó ń jẹ ìpẹtà sí i, ó ní ká fún un lóru kan.
A fún un lóru méjì.
Ó fi iná sí i, gáréèjì ń rùn bí irun tó jó.
Ó fi òòlù lù ú, ajá ilé kẹta ń dáhùn.
Wọ́n ní onísùúrù ló ń se òkúta jinná;
ẹ bá mi bi í bóyá iná gáàsì ló lò.

Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
“Saima, síbí.” “Saima, kì í ṣe ibẹ̀.”
Ẹni tó bá ti di tọ́ọ̀ṣì mú fún ọkọ rí ló mọ̀
pé kò sí ibi téèyàn tan iná sí tó jẹ́ ibẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó fi èdè Finland bú jíà,
èdè tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ń lé ajá.
Ó jáde wá, ó jókòó lórí táyà, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ ní oríkèé ọwọ́ rẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀.
Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Bàbá Uuno dá ṣọ́bìrì wa padà.
Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ ò gbà kó bẹ̀rẹ̀.
Kò wo abẹ́ mọ́tò rárá. Ó da agolo kọfí sórí tábìlì,
ó ń fi ìka ka bóòtù bí ẹni ń ka adìyẹ wọlé.
“Mẹ́jọ.” Ó dákẹ́. “Mẹ́sàn-án ni.”
Reino ní mẹ́jọ ló wà nínú ìwé.
Bàbá mu kọfí rẹ̀. “Mẹ́sàn-án ni.”

Ọwọ́ tèmi ló kéré jù.
Mo nà án gba òkè jíà, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì,
nínú gírísì tó tutù bí ògì àná,
mo sì bá a níbẹ̀, olórí igun mẹ́fà,
ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kí.
Kò tilẹ̀ le. Kò dógùn-ún.
Mo yí sípánà lẹ́ẹ̀mẹta, ó bá mi jáde.
Jíà mí kanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí jáàkì.

Reino wo àpá òòlù lára rẹ̀ títí.
Ó mú àkísà, ó nu àwọn ojú ibẹ̀,
jíà tí à ń gbé lọ jù sílé onírin àlòkù.

Lóru, nínú òkùnkùn, ó ní:
“Mẹ́jọ ló wà nínú ìwé.”
Mi ò dá a lóhùn.
Mò ń gbóòórùn gírísì lọ́wọ́ ara mi.