Lẹ́tà Rademacher

Agogo ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, ilé kan ní Kassel:
Rademacher, Rademacher, Rademacher.
Irmgard ń tún eyín ṣe. Detlef ń ka ìràwọ̀.
Ẹnìkẹta, a ò mọṣẹ́ rẹ̀,
òórùn kọfí òru la fi mọ̀ ọ́n.
Wọn kò bára tan.
"Ẹni tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin" nìtumọ̀ orúkọ náà;
wọ́n ní orúkọ a máa roni,
èyí kò ro ẹnì kankan.

Lánàá, èmi apínlẹ́tà
ju ọ̀kan sí àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀.
Irmgard já ìwé etí dúdú,
ó ka ikú ìyá oníyàá,
ó gòkè lọ kanlẹ̀kùn.

Nígbà tí mo padà dé,
àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí àtẹ̀gùn.
Detlef ń béèrè jẹ́jẹ́:
"Báwo ni màmá wa ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"