Oòrùn Kò Wọ̀, Oorun Kò Wá

Ní Vardø, lóṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀.
Ó ń rá pálá lórí òkun bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó tún gòkè.
Èmi Torunn, abiyamọ ọjọ́ mẹ́wàá,
mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
n ò mọ̀ bóyá aago mẹ́ta òru ni
tàbí aago mẹ́ta ọ̀sán.
Ọmọ náà ò mọ̀. Kò tilẹ̀ bìkítà.

Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn,
òun náà ò ní fojú kan oorun.
Irọ́ ni o! Tèmi ń sùn.
Ẹnu ọmú ló ti ń sùn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀ mí lápá,
àfi tí mo bá ní kí n rọra yọ ọ́
ló tó rántí pé ebi ń pa òun.

Lọ́jọ́ kìíní, mo fún ọmú títí ọwọ́ fi ro mí.
Ohun tó jáde kò kún ìdérí ìgò,
ó ki, ó pọ́n bíi pupa ẹyin.
Mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì Ingvild wo ẹkún náà,
ó ní, "Ikùn rẹ̀ ò ju orí àtàǹpàkò rẹ lọ.
Ta lo fẹ́ fi garawa bù ú fún?"

Lọ́jọ́ kẹta, wàrà dé bí ẹni tó jalẹ̀kùn.
Ọmú mi le bí òkúta etíkun,
ó gbóná, awọ rẹ̀ ń dán,
ọmọ ń yọ̀ lára rẹ̀, kò ríbi dì mú.
Ìyá àgbà Gudlaug, aládùúgbò wa, gbé kábéèjì tútù dé,
ó tẹ ewé kan sọ́tùn-ún, ó tẹ ọ̀kan sósì,
ó ní, "Má fi se ọbẹ̀ fún ọkọ ẹ tó bá dé."

Ẹyẹ òkun kan ké lórí òrùlé.
Kí n tó ṣẹ́jú, wàrà ti ya, aṣọ mi tutù rinrin.
Ọmọ ẹyẹ ni mo fẹ́ fún lọ́yàn.

Orí ọmú mi là. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi
pé màá máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, dé ogún,
ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi á ká kò, kí oró náà tó rọlẹ̀.
Ingvild ní, "Má gbé ọmú lọ bá ọmọ,
gbé ọmọ wá bá ọmú.
Dúró kó yanu gbàgà bí ẹni tó ń yán,
kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà rẹ. Ó yá."
Mo ka dé méje. Oró lọ.

Lóru ọjọ́ karùn-ún, mo po wàrà inú agolo fún un.
Ayé ò bàjẹ́. Ó mu ún, ó sùn, èmi náà sùn,
ọmú tó ń jò ló jí mi.

Ṣé ó yó? Ọmú kì í ṣe ìgò, kò ní ìlà lára.
Ìtẹ́dìí ni mò ń kà, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa igi sára kọ́bọ́ọ̀dù.
Leif pè láti ojú òkun níbi tó ti ń dẹ akàn,
afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ̀ lọ gbé e bọ̀.
Kò kí mi. Ó ní, "Mélòó?"
Mo ní, "Méje, gbogbo wọn ló rin gbingbin!"
Mo gbọ́ tí àwọn atukọ̀ pàtẹ́wọ́.

Ojú rẹ̀ ò tíì ríran jìnnà.
Imú ló fi ń wá mi, bí ọmọ ajá,
ó ń fi orí gbá mi láyà kiri.
Oòrùn kò wọ̀, oorun kò wá,
òórùn mi nìkan ló mọ̀ ní gbogbo ayé
tó mọ́lẹ̀ jù yìí.
Ó rí i. Ó gbé e mì.

Ọmú òsì ló kàn báyìí.
Àbí ọ̀tún ni?