Bàtà Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Mọ́tò mẹ́ta ló kó wa dé, èèyàn mẹ́rìndínlógún,
ajá kan, àpò ọ̀dùnkún méjì,
àti Aarni, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ti ń bì láti Kuopio.
Màmá àgbà Lempi kò kí wa káàbọ̀.
Ó ka orí wa. Ó tún un kà.
Ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà síta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

A bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bàtà kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú tiwa,
rọ́bà dúdú, ó ga dé orúnkún,
ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá gbẹ mọ́ ọn ní gìgísẹ̀.
Ẹni tó ni ín ti lọ láti oṣù Èrèlé,
nígbà tí ilẹ̀ le débi pé iná ni wọ́n fi yọ́ ọ
kí wọ́n tó lè gbẹ́ ẹ.
Gbogbo wa ń yà fún bàtà náà
bí ẹni ń yà fún àgbà tó jókòó.

Lọ́dọ̀ wa, oṣù Keje kò mọ alẹ́.
Oòrùn á rìn títí dé ẹnu ọ̀nà àṣálẹ́,
á yọjú wo inú, á ní òun ò wọ̀ mọ́.
"Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ lọ sùn," làwọn ìyá wa á wí.
Ilẹ̀ wo ló ṣú? Venla á na ìka síta,
ìka tí èso igbó ti pa láró.
Ọmọ méje lórí àjà, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀,
Touko ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi,
ẹ̀fọn ń jẹ wá, kò bèèrè ọmọ ta ni.
Iiris nìkan ni kò sùn tì wá lọ́dún yẹn.
Ó ti pé mẹ́tàlá. Orí àpáta létí adágún ló ń gbé,
ibì kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé.

Ilé ooru wà lábẹ́ àjà wa.
Àwọn àgbà ń da omi sórí òkúta gbígbóná,
ṣìì-ì-ì,
ohùn wọn ń gba àárín pákó gòkè wá.
"Ta ni yóò san owó òrùlé?"
"Ẹ jẹ́ ká tà á," ni Reijo, ẹ̀gbọ́n màmá mi, wí,
pẹ̀lú ohùn ẹni tó rò pé ọmọdé ti sùn.
Aarni la ojú kan. Ó tún dì í.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo jí, mo ka ẹsẹ̀: méjìlá.
Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ.

Ariwo ta. Adágún dákẹ́ rọ́rọ́
bí ẹni tó jí nǹkan tó ń wojú ọlọ́pàá.
Reijo ti wà nínú omi dé àyà, tòun ti ṣòkòtò,
ó ń fọwọ́ tá omi bí afọ́jú tó ń wá ọ̀pá rẹ̀.
Iiris ju fóònù sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ.
Màmá àgbà nìkan ló wo ẹnu ọ̀nà.
Ó rí ibi tí nǹkan kò sí.
Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ lé ipa tó wà nínú ìrì:
ojú ẹsẹ̀ àgbàlagbà,
ìgbésẹ̀ ọmọdé.

Lábẹ́ ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ló sùn sí,
bàtà gbé e mì dé itan,
agolo ekòló wà láyà rẹ̀.
"Bàbá àgbà ní aago mẹ́rin lẹja ń jí," ó wí.
"Mo dúró dè é. Ó pẹ́."

Màmá àgbà wo aago ọwọ́ rẹ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ó ní kí Reijo, tó kúkú ti tutù, ti ọkọ̀ sómi.

Ẹja mẹ́ta la rí pa. Kékeré, egungun ju ẹran lọ.
Èèyàn mẹ́tàdínlógún la jọ jẹ ẹ́.
Ṣòkòtò Reijo ń kán omi lórí okùn,
òun alára ń béèrè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́
pé èló ni wọ́n ń ta páànù báyìí.
Bàtà ti padà sẹ́nu ọ̀nà,
ẹrẹ̀ tútù ti gorí ẹrẹ̀ gbígbẹ.
Aarni ní ká má nù ún.