Àlàfo Ìka Mẹ́rin

Ṣówándé fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí ẹ̀rọ náà
bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá,
ó sì fa ọwọ́ padà kíákíá.
"Ta ló da aṣọ bo eléyìí?"
Mo wo ògiri. Mo wo àjà.
N kò fẹ́ sọ pé ìyá mi ni.

Ọdún tí mo ra sinimá inú ilé yìí ní Pánṣẹ́kẹ́,
tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀, sípíkà márùn-ún,
pẹ̀lú àgbà wọn ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó máa ń kù bí àrá,
ìyá mi wá láti Ìgbẹ̀in, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní, "Eruku ìlú yìí ò mọ ẹni ọ̀wọ̀."
Abẹ́rẹ́ oníkọ́, òwú funfun, oṣù méjì gbáko:
ó hun aṣọ ẹlẹ́tí òdòdó lé e lórí.
Ó tún ní kí káfíńtà kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì fún un,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì so mọ́ etí ìró tirẹ̀.
Ọlọ́lá, ó ní, kì í jókòó sí gbangba.

A ń fi ọlá se é jinná, a ò mọ̀.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí, ẹ̀yin ará Ìkìjà:
àpáta lẹ́yìn, àpáta níwájú.
Oòrùn á se òkúta láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́,
ilẹ̀ á ṣú, a ó rò pé ó ti parí,
òkúta á wá bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè ooru
díẹ̀díẹ̀, sára ògiri, títí di ìdájí.
Àwọn baba wa sá sábẹ́ òkúta, òkúta gbà wọ́n;
wọn ò gbé ańpilífáyà dání.

Bí fíìmù bá dé ibi tó dùn, ohùn á gé.
Òṣèré á ya ẹnu, igbe ò ní jáde.
Gbọ́láṣiré àbúrò mi ní kí a gbá a létí.
A gbá a. Ó sọ̀rọ̀. Ó tún dákẹ́.
Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni òórùn ike jíjó jí wa.

Ṣówándé tú ìdí rẹ̀, eruku dúdú já bọ́ bí irun àgbò.
Páǹpù kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń fẹ́ ẹ, ó ń bá a wí, ó ń bá mi wí:
"Ẹ̀rọ ń mí. Nísàlẹ̀ ló ti ń fa tútù,
lókè ló ti ń tú gbígbóná.
O dí i nímú, o dí i lẹ́nu, o wá ní kó kọrin.
Dẹ́kódà wo lo tún gbé gùn ún?
Èèyàn méjì tó ń làágùn kì í pọn ara wọn.
Yọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àlàfo ìka mẹ́rin lọ́tùn-ún,
mẹ́rin lósì. Orí rẹ̀, má fi nǹkan kan kàn án."
Ó gba ẹgbẹ̀rún méje, ó mu omi tútù méjì, ó lọ.

Aṣọ náà kù sí mi lọ́wọ́.
Igun kan ti pọ́n bí àkàrà tó pẹ́ nínú epo.
Mo gbé e símú: ike jíjó,
lẹ́yìn rẹ̀, tó jìnnà díẹ̀, òrí tí ìyá mi máa ń fi para.
Ọdún kẹta rèé tí a ti sin ín.
Mo tẹ́ ẹ sórí àga tó máa ń jókòó sí.
Àga kì í gbóná.

Lóru, wọ́n mú iná lọ.
Ẹ̀rọ tutù nínú kọ́bọ́ọ̀dù aláìlẹ́yìn,
àwa la wá ń gbóná lórí ẹní.
Mojísọ́lá na ọwọ́ nínú òkùnkùn,
ó fi ìka mẹ́rin wọn àárín àwa méjèèjì.
"Ṣówándé ló wí."