Erin Tí Kò Lọ́dún

Bàbá àgbà mi mọ bàbà.
Kílò-kílò ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń wa yanrìn
létí odò Káfẹ́rì, ní Sirirangapátínà.
A óò da àpò náà sórí ìwé ìròyìn àná,
ilé á máa rùn bí ẹnu kànga.
Ìṣó tó dógùn-ún, bọ́tìnnì sójà, ìdè ilẹ̀kùn,
kí ọwọ́ tó ba ohun kan, pẹlẹbẹ, tó nípọn,
tó tutù ju àwọn yòókù lọ.

"Má wojú rẹ̀ ná, Ṣinmáyì. Wọ̀n ọ́n."
Ìwọ̀n tó jogún lọ́wọ́ Kẹ́ńṣápà alágbẹ̀dẹ wúrà:
giráàmù mọ́kànlá àti díẹ̀.
"Ó dáa. Wá wo etí rẹ̀.
Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, etí rẹ̀ á gún.
Èyí tí òòlù lù, á wọ́ sápá kan,
lẹ́tà á yọ sí ìta owó
bí ẹsẹ̀ ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò gùn tó o."
Ìgbà yẹn ló tó fún mi ní awò.

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí;
ṣùgbọ́n lójú bàbà yìí, erin fúnra rẹ̀ ni fìrí:
ìrù, àbọ̀ ọwọ́jà, ẹsẹ̀ mẹ́ta.
Ìyókù ti bá àtàǹpàkò àwọn tó ná an lọ.
Lókè ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà Pásíà mẹ́rin.
Mo kà á: márùn-ún, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
Ọba tó rọ owó yìí ló da nọ́ńbà kọjú sódì,
ọwọ́ ọ̀tún ni kí n ti bẹ̀rẹ̀:
ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Mo sáré fi Híjírà ṣírò rẹ̀, mo já sí 1800.
"O ti jí òkú," ló wí. "Ọdún tó ṣáájú ìyẹn
ni ìbọn pa ọba náà,
kò jìnnà síbi tí o ti ń ra áísìkirímù.
Ìbí Ànábì ló fi ń ka tirẹ̀. Fi 572 kún un."
1787.

Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ ṣe é lóore.
Mo mú erin mìíràn, tó ṣú bí ewé,
mo fi àjàgbọn àti iyọ̀ fọ̀ ọ́
bí Ìyá àgbà ti ń fọ àtùpà idẹ.
Ó pọ́n yòò. Mo sáré gbé e wá.
Kò pariwo. Ó mú un dé ojú fèrèsé,
ó yí i, ó yí i.
Ìpẹtà tí mo pè ní ìdọ̀tí,
òun ló di nọ́ńbà mú;
àwọn méjèèjì ti bá omi àjàgbọn lọ sínú gọ́tà.
Ó ní, "Lọ fọwọ́, kí o jẹun."

Lóṣù tó kọjá, a tú àpótí rẹ̀.
Àpò ìwé kéékèèké, ó lé ní ẹgbẹ̀ta,
ìwọ̀n, ọba, ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́.
Ó kù díẹ̀ kí n kan ìsàlẹ̀ ni mo bá a,
pupa rẹ̀ ti tún ń ṣú:
Erin. Ó kọjú sósì. Giráàmù mọ́kànlá.
Ọdún: kò sí mọ́.
Lábẹ́ ìyẹn, pẹ́ńsù, kékeré:
Ṣinmáyì fọ̀ ọ́, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, 1993.

Wọ́n ń pè mí wá jẹun.
N kò tíì fọwọ́.